"Bí mo ṣe rí i gbà nìyí": ṣé ó gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àláékúmù, Ààfáà. Ẹnì kan fi ìròyìn sórí Wasáàpù àsàlátù wa pé wọ́n ti mú alápatà kan ládùúgbò wa, pé òkú ẹran ló ń tà. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù méjì mìíràn, mo sì kọ ọ́ sí i pé "bí mo ṣe rí i gbà nìyí." Àṣé irọ́ ni. Ọjà baba náà ti dà rú. Èmi kọ́ ni mo pa irọ́ ọ̀hún. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn mi?

ÌDÁHÙN: Wa àláékúmù sàláàm. Ó wà lọ́rùn yín, mi ò ní fi bò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Mistah. Nígbà tí wọ́n parọ́ àgbèrè mọ́ ìyá wa Aisha, ìyàwó Ànábì, Abdullahi ọmọ Ubayy, olórí àwọn munáfíkì (alágàbàgebè) ní Mẹ̀dínà, ló wà nídìí rẹ̀. Mistah ò hùmọ̀ nǹkan kan. Ó gbọ́ ọ ni, ó sì ń sọ ọ́ kiri. Sàhábà, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, ni o, ó wà lára àwọn tó ja ogun Badri, ìbátan Abubakar, bàbá Aisha, tún ni. Síbẹ̀, nígbà tí áyà Àlùkùráánì sọ̀ kalẹ̀ pé irọ́ ni, wọ́n nà án ní kòbókò 80. (Ìjìyà ẹ̀sùn àgbèrè nìyẹn. Tiyín kì í ṣe irú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa nà yín.)

Nínú Súúratun-Nuur, áyà 15, Ọlọ́hun ní ahọ́n ni wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ náà. Ṣé ahọ́n la fi ń gbọ́rọ̀ ni? Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde, kò ráyè dé ọkàn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Lónìí, àtàǹpàkò ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àwọn tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ náà ń sọ bí wọ́n ṣe rí i gbà, àmọ́ wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n ti gbà á, wọ́n á sì wádìí ìwà onítọ̀hún. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti gbà á? Kóòtù ìjọba pàápàá ò ní tìtorí pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dá yín sílẹ̀.

Àsítágífírù, ìyẹn títọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, nìkan ò tó, ẹ̀tọ́ èèyàn ti wọ̀ ọ́. Ẹ padà sí gúrúùpù méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ pé irọ́ ni, pé ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Ẹ má kàn pa á rẹ́, torí ẹni tó ti kà á ò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ baba náà lọ fúnra yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda yín. Bí ẹ bá sì ti débẹ̀, ẹ ra ẹran lọ́wọ́ ẹ̀, kí àwọn ará ọjà rí yín.