Èsì: Eyín ni, kì í ṣe ìwo

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ni àbùùbùtán tó ní ìwo lórí yẹn ń fi ìwo náà ṣe. Narwhal lorúkọ rẹ̀, omi dídì Kánádà àti Greenland ló pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwo, eyín ni! Lára akọ, eyín apá òsì ló máa ń gún ètè òkè jáde, tí á sì máa gùn lọ. Ó lè tó mítà 3. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ó lọ́ bí okùn. Èyí tó wà lápá ọ̀tún sábà máa ń fara pamọ́ sínú egungun. Ọ̀pọ̀ abo kì í yọ ọ́ rárá, wọ́n sì ń jẹun yó, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹranko náà ò lè ṣe aláìní. Lójú tèmi, iyì akọ ni, bí ìrù ọ̀kín.

Síbẹ̀ ó wúlò. Iṣan ìmọ̀lára pọ̀ nínú rẹ̀, omi òkun sì ń gba ihò tín-ín-tìn-ín wọlé sí i. Lọ́dún 2017, fídíò kan jáde láti Nunavut, agbègbè kan ní àríwá Kánádà: àwọn narwhal ń fi eyín yìí lu ẹja kó lè dákú, kí wọ́n tó gbé e mì.

Àwọn òyìnbó àtijọ́ ń rà á lówó gọbọi, wọ́n ní ìwo unicorn ni, ẹṣin abàmì oníwo kan inú ìtàn àròsọ. Àwọn oníṣòwò á ti rẹ́rìn-ín!