Ṣé a kò lè kàn dín oògùn àgbà kù fún ọmọ tuntun ni?

Rárá o. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, kíndìnrín rẹ̀ náà kò tíì lágbára, nítorí náà ọ̀pọ̀ oògùn máa ń pẹ́ lára rẹ̀. Ẹ wo kaféènì, tí dókítà ń fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí èémí rẹ̀ má baà máa dáwọ́ dúró. Lára àgbà, ìdajì rẹ̀ á ti lọ ní nǹkan bí wákàtí 5. Lára ọmọ yẹn, ó lè gba ọjọ́ 3 sí 4.

Kloramfẹ́níkọ́ọ̀lù, oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn, ló kọ́ àwọn oníṣègùn lọ́gbọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1959, wọ́n rí i pé ikùn àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n fún ní púpọ̀ ń wú, àwọ̀ wọn ń dà bí eérú, àwọn kan sì kú. Ẹ̀dọ̀ wọn kò lè palẹ̀ oògùn náà mọ́.

Ṣíṣe ìwádìí oògùn lára ọmọ tuntun gan-an ló wá le. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ tó wọn kílò 1 kò ju nǹkan bí mílílítà 90 lọ. Mélòó lẹ fẹ́ fà níbẹ̀? Ara rẹ̀ tún ń yí padà lójoojúmọ́. Ìwọ̀n oògùn tó bá a mu ní ọjọ́ 2 lè kéré jù ní ọjọ́ 14. Òbí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ni wọ́n sì tún fẹ́ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń lò fún wọn kò fi ní ìwé àṣẹ tó dárúkọ ọmọ tuntun rárá.