Ìbéèrè Yín: Ṣé Onígbàgbọ́ Kò Gbọ́dọ̀ Sunkún Ni?

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni àwọn ará ìjọ ti ń sọ pé kí n yé sunkún. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò lágbára?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyá wa. Rárá o. Jésù fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí ó ń lọ síbi ibojì Lásárù (Jòhánù 11:35), bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé òun máa tó jí i dìde, nítorí náà, ohun tí Olúwa kò béèrè ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má banújẹ́ rárá. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Àjíǹde Kristi ni ìrètí náà dúró lé, kì í ṣe bí ara ṣe rí lára wa lójúmọ́ kan. Ayọ̀ lè pẹ́ kó tó dé, omijé sì lè wà lójú yín nígbà tó bá dé. Bí àdúrà bá ṣòro, ẹ ka Sáàmù 13, tó fi ìráhùn bẹ̀rẹ̀, tó sì fi orin parí. (Sáàmù 88 kò tilẹ̀ dé ibi orin, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì.) Ẹ sì wá ẹnì kan nínú ìjọ tó lè jókòó tì yín láìsọ̀rọ̀ púpọ̀.