Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé Òjò Dídì Tí Ọmọ Yóò Sùn Sí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, wà nínú ẹgbẹ́ Scout níbi tí a ń gbé. Wọ́n ní nínú oṣù Kejì àwọn yóò lọ pàgọ́ ní ìhà àríwá, nítòsí Ely, àti pé inú ilé tí wọ́n fi òjò dídì ṣe ni wọn yóò sùn mọ́jú. Bàbá rẹ̀ ti gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kí sì ni kí n bi àwọn olùdarí wọn kí n tó jẹ́ kí ó lọ?
Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Brooklyn Park, Minnesota

Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ẹ kò ṣàṣìṣe láti bẹ̀rù, ṣùgbọ́n òtútù òjò dídì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Òjò dídì kì í ṣe yìnyín tí a mọ̀ nílé, tí ń ro gbàgà lórí páànù. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ orúkọ tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fún wa pè é. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ fúyẹ́ bí òwú tí a gbọ̀n. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ ni yóò kó nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè sá lọ. Nítorí náà, bí ìta bá tilẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 30 Celsius sí ìsàlẹ̀ òdo, inú ilé náà lè má jìnnà sí òdo, nítorí pé ooru ara àwọn tí ó sùn síbẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde.

Irú èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́ ni wọ́n ń pè ní quinzhee, orúkọ tí ó wá láti inú èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Athabaskan. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń wọ́ òjò dídì jọ, bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń kọ ebè, àfi pé ebè yìí ga tó nǹkan bíi mítà méjì, ó sì fẹ̀ tó mítà mẹ́ta nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kó o jọ tán, wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Àwọn hóró rẹ̀ tí ṣọ́bìrì ti dà rú nílò àkókò láti lẹ̀ mọ́ra, kí òkìtì náà lè le; wákàtí méjì kò pọ̀ jù fún un, bí ó bá sì pé mẹ́ta, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkánjú níbí yìí ni ó ń mú kí òrùlé wó lu ẹni tí ń gbẹ́ inú.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ, wọn yóò ti ki àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gùn ní 30 sẹ̀ǹtímítà bọ òkìtì náà yí ká, títí orí igi yóò fi bá ara òkìtì dọ́gba. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀: ẹni tí ó wà nínú kò lè rí ìta, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí imú igi, ó mọ̀ pé ògiri ti tó bí ó ṣe yẹ, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yóò kéré, yóò sì wà nísàlẹ̀ ju orí pèpéle tí wọn yóò sùn sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù a máa wálẹ̀, èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ a sì máa lọ sókè. Inú òrùlé yóò rí roboto bí inú igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, yóò sì jọ̀lọ̀, kí omi tí ó bá yọ́ lè gba ara ògiri wálẹ̀, kí ó má baà kán sí wọn lára.

Òógùn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tí ń gbẹ́ ilé yìí, tí ń rá pálá nínú òjò dídì, aṣọ rẹ̀ yóò rin, aṣọ òwú tí ó bá sì rin kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nínú òtútù. Ẹ wá aṣọ onírun àgùntàn fún ọmọ yín, ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ mìíràn tí yóò pààrọ̀, ẹ sì rí i pé ó ní ìtẹ́lẹ̀ tí ó nípọn lábẹ́ àpò ìsùn rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ń fa ooru ara lọ.

Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan máa ń dúró níta pẹ̀lú ṣọ́bìrì ní gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń gbẹ́ inú, àti bóyá ṣọ́bìrì kan máa ń wà nínú ilé lóru. Ẹ béèrè nípa ihò èémí, èyí tí ó gbọdọ̀ wà lórí òrùlé, kí ó tóbi tó ìkúùkù, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò dídì má baà dí i. Kí wọ́n má ṣe tan sítóòfù nínú rẹ̀ rárá. Ẹ rántí àwọn ìdílé tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sílé ní Nàìjíríà tí wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́. Afẹ́fẹ́ olóró kan náà ni, kò sì ní òórùn tí ènìyàn lè fi fura. Ní ìparí, ẹ bi wọ́n bí àgọ́ aláṣọ yóò bá wà nítòsí, nítorí pé bí ojú ọjọ́ bá móoru kọjá òdo, ilé náà kò ṣeé sùn sí mọ́.

Bí wọ́n bá dáhùn gbogbo ìwọ̀nyí láìṣe kọ́lọkọ̀lọ, èmi yóò ní kí ẹ jẹ́ kí ó lọ.

Mo gbìyànjú láti fi òjò dídì kọ́ ilé roboto bíi ti àwọn Inuit, àwọn ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá Kánádà, sí ẹ̀yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n òjò dídì náà ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni mo ṣì ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Winnipeg

Òjò dídì yín ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Èyí tí atẹ́gùn ti tẹ̀ títí tí ó fi le ni àwọn Inuit ń fi ọ̀bẹ gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń tò yí ká lọ sókè, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀ títí orí yóò fi pàdé. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ kò ṣeé gé. Ẹ wọ́ ọ jọ bí mo ti ṣàlàyé lókè yìí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó le kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.