Tẹ́sítà ní wáyà mi dára, kí ló dé tí íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn orí RJ45, ìyẹn orí oníke tí a ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà, lójú ọ̀nà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣe é láti yàrá tí ráútà wà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo to àwọ̀ wọn ní méjì-méjì, ọsàn, ewé, búlúù, búráùn, bákan náà ní orí méjèèjì. Iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ara tẹ́sítà tí mo fi dán wáyà náà wò ló tàn ní ìtẹ̀léra, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀, ó sì máa ń já. Ṣé kí n ju wáyà náà nù ni? — Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì jù ú nù. Tẹ́sítà kò parọ́ fún yín. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé wáyà ìkíní dé ibi ìkíní, ìkejì dé ibi ìkejì, títí dé ìkẹjọ. Kò lè mọ èwo ni a lọ́ mọ́ èwo, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro yín wà.

Wáyà mẹ́jọ tó wà nínú awọ náà jẹ́ méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, a sì lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Wáyà méjì ló jọ ń gbé ìsọfúnni kan náà, ohun tí ọ̀kan ń gbé sì jẹ́ òdì kejì ohun tí ẹnìkejì ń gbé. Bí ìdíwọ́ bá ti ara wáyà iná tàbí wáyà ìtòsí wá, lílọ́ tí a lọ́ wọn máa ń jẹ́ kí ó kan àwọn méjèèjì bákan náà, ẹ̀rọ tó ń gbà á yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ìdíwọ́ náà yóò sì pa rẹ́. Bí a bá fi wáyà méjì tí kì í ṣe ẹnìkejì ara wọn ṣe iṣẹ́ yìí, ààbò náà ti lọ nìyẹn.

Nínú orí RJ45, ìkíní ń bá ìkejì ṣiṣẹ́, ìkẹrin ń bá ìkarùn-ún, ìkeje ń bá ìkẹjọ, ṣùgbọ́n ìkẹfà ni ẹnìkejì ìkẹta. Bí ẹ ṣe tò ó, funfun-ewé (wáyà funfun tó ní ilà ewé) ló bọ́ sí ìkẹta, búlúù sì bọ́ sí ìkẹfà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí eré rẹ̀ kò ju 100 Mbps lọ pàápàá ń lo ìkíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹfà, nítorí náà kò sí bí kò ṣe ní kàn yín. Wáyà kúkúrú lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Bí ó bá ti gùn ni wàhálà ń yọjú.

Ẹ gé orí méjèèjì kúrò, kí ẹ ra tuntun, nítorí orí tí a bá ti tẹ̀ mọ́ wáyà kì í ṣe é lò mọ́. Ẹ di orí náà mú kí ahọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn, kí eyín bàbà wà lókè, kí ẹnu tí wáyà ń gbà wọlé kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ wá tò ó láti òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ má ṣe tú lílọ́ wọn ju mìlímítà 13 lọ. Ẹ fi ìka nà wọ́n kí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ gé ẹnu wọn dọ́gba, ẹ tì wọ́n títí ẹ ó fi rí ojú bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níwájú orí náà, kí awọ wáyà sì wọnú orí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fífà díẹ̀ ni yóò fà á yọ.

Bí ó bá ṣì ń falẹ̀, ẹ bó ike ara wáyà kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú bàbà rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí a fi bàbà bò ni wọ́n tà fún yín, kò sì yẹ ní rírà rárá: ó tètè ń kán, kò sì gbé iná tó ojúlówó bàbà. Ẹ má ṣe di wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín pọ̀ mọ́ wáyà iná, ẹ má sì jẹ́ kí ó gùn ju mítà 100. Níwọ̀n bí ó ti gba ìta dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ tì í sínú páìpù, torí oòrùn máa ń ba awọ wáyà inú ilé jẹ́.