Báwo Ni Mo Ṣe Lè Mọ̀ Bí Ìkànnì Kátúùnù Kan Bá Yẹ Ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 4, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló fi ìkànnì kan hàn wọ́n lórí fóònù mi, níbi tí wọ́n ti ń wo kátúùnù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán ẹranko mèremère ló kún ibẹ̀, n kò sì fura. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bó iṣu lọ́wọ́, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú fóònù náà tó ń pe èèyàn wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kátúùnù ti padà. Bàbá wọn ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ wọn pátápátá. Kí ni kí n wò kí n tó mọ̀ bóyá irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ dára fún wọn?
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn tó ohun tí í kọ ìyá lóminú. Ohun tó yí kátúùnù ká, àti ohun tó ń tẹ̀ lé e nígbà tí àgbàlagbà bá ti kúrò nídìí rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìkànnì ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ rí owó níbì kan, ìpolówó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ alágbàtà ló ń fi ìpolówó ránṣẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń wo ohun tí ẹni tó ni fóònù máa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù àgbàlagbà ni tiyín, nítorí náà ìpolówó àgbàlagbà lè bá kátúùnù ọmọ yín wọlé.

Àwòrán mèremère kò sì tó ẹ̀rí. Ní ọdún 2017, àwọn ilé ìròyìn tú u síta pé àwọn kan ń lo àwọn ẹ̀dá inú kátúùnù tí ọmọdé mọ̀ dáadáa láti fi ìwà ipá hàn nínú fídíò orí YouTube. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ìsọfúnni nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi fún ìkànnì tí a kò mọ ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ ṣí ìkànnì náà, kí ẹ sì máa tẹ ohun gbogbo tó bá ń tàn, bí ọmọ ọdún 4 yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe dúró lórí kátúùnù àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìkarùn-ún. Èmi náà dán an wò ní ilé wa ní Adó-Èkìtì pẹ̀lú ìkànnì mìíràn. Ìgbà kẹta tí mo tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan ni ojú ìwé tẹ́tẹ́ ṣí sílẹ̀ gbàgà. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń béèrè orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù, bóyá àjèjì lè kọ ọ̀rọ̀ sí ọmọ, àti bóyá orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀ wà níbì kankan. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi kátúùnù oníkátúùnù hàn láìgba àṣẹ, n kò lérò pé wọn yóò bìkítà fún ọmọ ẹlòmíì.

Ní ti kátúùnù fúnra rẹ̀, ìjà tàbí ẹ̀tàn díẹ̀ kọ́ ni mo máa fi kọ̀ ọ́. Olè àti ọ̀dàlẹ̀ ni Ìjàpá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlọ́ tí wọ́n pa fún wa. Ṣùgbọ́n ìyà sábà máa ń jẹ ẹ́ kí àlọ́ tó parí, ìyá àgbà sì wà níbẹ̀ tí à ń bi ní ìbéèrè. Ẹ wò ó bóyá oníwà búburú inú kátúùnù náà ń jìyà ìwà rẹ̀, tàbí ṣe ni wọ́n ń fi í ṣe ẹni iyì. Ọmọ ọdún 8 lè dá ìyàtọ̀ náà mọ̀ bí ẹ bá tọ́ka sí i. Ọmọ ọdún 4 yóò kàn ṣe bí ó ti rí i ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ìkànnì yẹn sílẹ̀. YouTube Kids, tó jáde ní ọdún 2015, ní ètò kan tí òbí fi lè yan fídíò tí ọmọ yóò wò, tí ọmọ kò sì ní lè wá òmíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ ọdún 4 má ṣe jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ẹ fi èyí han bàbá wọn, kí ohùn yín lè ṣọ̀kan kí ẹ tó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún èyí ẹ̀gbọ́n pé bí ohun tí kò yé e bá tún yọjú, kí ó gbé fóònù wá fún yín lójú ẹsẹ̀, àti pé ẹ kò ní nà án.