Iná ni kó ṣáájú, kì í ṣe oúnjẹ

Ẹ kú ìmúra o, àǹtí wa tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ gbé oúnjẹ síwájú 100 òròmọdìẹ yín ní kété tí wọ́n bá ti Ìbàdàn dé Ìkìrun lọ́jọ́ Ẹtì. Rárá o. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí. Kí omi gan-an sì tó kàn, iná ló ṣáájú, ibẹ̀ ni mo ti jẹ ìyà tèmi.

Oṣù Kejìlá ni mo kọ́kọ́ ra 200, páálí mẹ́rin, 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọyẹ́ ti mú. Ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni dẹ́rẹ́bà tó pè mí láti gáréèjì. Ìgbà tí mo gbé wọn délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èédú kiri. Ilẹ̀ tutù rinrin, mo da wọn sí i, mo bu oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ń ké ṣáá, mo rò pé ebi ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti wọ́ jọ sí igun kan, wọ́n gun ara wọn lórí. Òkú 43 ni mo kó lábẹ́ àwọn tó yè. Mo bú ẹni tó tà wọ́n fún mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ò sì kàn án rárá.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òròmọdìẹ gbé oúnjẹ sínú wá sáyé. Pupa ẹyin tó ṣẹ́kù sí i níkùn lè gbé e tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè fi ọkọ̀ gbé e rìn. Omi ni ìrìn àjò ń gbẹ lára rẹ̀. Ooru ńkọ́? Kò tíì lè dá tirẹ̀ ṣe. Abẹ́ ìyẹ́ àgbébọ̀ ni ì bá wà. Ẹni tó ra ti inú páálí ló di àgbébọ̀ yẹn.

Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ ni mo ti ń dáná báyìí. Mo máa ń so tẹmọ́míta mọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀yìn wọn máa dé. Tó bá wà láàárín 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì (°C), ó ti dáa. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fi bíi 3 dín in. Níta ni kí èédú ti jó títí eéfín á fi tán. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ burúkú tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó ń pa adìẹ, ó ń pa ènìyàn. Ẹ fi òkè tapólì tí ẹ bá fi bo ẹ̀gbẹ́ yàrá wọn sílẹ̀ gbayawu díẹ̀, ẹ má sì sùn sínú yàrá náà.

Ẹ fi páálí gé igun yàrá kúrò kó rí roboto, kí wọ́n má ríbi kó jọ sí. Ohun tí káfíńtà fá lára pákó ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Bébà ìròyìn lásán máa ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, pẹ̀lú gúlúkóòsì tàbí ṣúgà díẹ̀. Bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mo ń ti ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ omi. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ omi kí wọ́n má kú sínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ wá wọ́n oúnjẹ sórí páálí.

Wọn á sọ tinú wọn fún yín. Tí wọ́n bá rọ̀ mọ́ iná, òtútù ni; tí wọ́n bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n ya ẹnu, ooru pọ̀ jù. Tó bá dalẹ́, ẹ mú bíi mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ tẹ àpò oúnjẹ abẹ́ ọrùn wọn. Tó bá kún, tó rọ̀, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu. Tó bá le, omi kò tó. Èyí tí ìgbẹ́ bá gbẹ mọ́ nídìí, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe já a.

Òru mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí, tí mò ń jí wò wọ́n ní wákàtí méjì méjì. Ìyàwó mi á ní ìkókó mi tún ti dé.